Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé wa ti sán: irú èwo ni kí a fi rọ́pò rẹ̀?

Bàbá Ẹ̀bùn

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ páìpù yé, àti lọ́dọ̀ ẹni tí irú ọ̀ràn yìí bá ti kàn rí. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí a bá nínú ilé nígbà tí a kó wọlé ti lé ní ọdún 20. Láti bí oṣù 3 sẹ́yìn, bí a bá fọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í gbé ohun inú rẹ̀ lọ tán mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ń tẹ̀ ẹ́. Lóru, nígbà tí gbogbo ilé bá ti pa lọ́lọ́, mo máa ń ṣàdédé gbọ́ tí tánkì rẹ̀ ń gbomi, tí yóò ṣe ṣííì fún bí ìṣẹ́jú kan, tí yóò sì dákẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó dé ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni mo wá rí ìlà kan, tín-ín-rín bí irun orí, lára ẹsẹ̀ àwo náà, láti ìdí bóòtù ọwọ́ òsì lọ sókè, ilẹ̀ ibẹ̀ sì máa ń tutù lẹ́yìn tí a bá ti lò ó.

Mo ti lọ wo àwọn tuntun, ojú mi sì dà rú. Mo rí èyí tí tánkì rẹ̀ dá dúró lórí àwo, mo rí èyí tí tánkì àti àwo jọ jẹ́ odidi kan, mo tún rí èyí tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri tí ìdí rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rárá. Ẹni tí ń tà á kò sọ ju pé èyí ni àwọn ènìyàn ń rà jù, ìyẹn kò sì dáhùn ohun tí mo bi í. Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, orúnkún ń dùn wọ́n. A sì ní ọmọ ọdún 4 nínú ilé. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó? Ṣé òótọ́ ni pé àwọn tí kì í lo omi púpọ̀ kì í lè gbé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ dáadáa?

Àgbà Pọ́lọ́ńbà

Bàbá Ẹ̀bùn, ẹ kú wàhálà ilé. Ẹ má tíì ra ohunkóhun títí ẹ ó fi mú téèpù ìwọ̀n wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín, nítorí pé ihò tí ó wà nílẹ̀ níbẹ̀ ni yóò yan tọ́ílẹ́ẹ̀tì fún yín, kì í ṣe ojú yín. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn àwo bóyá ògiri ni ó ń tú ẹ̀gbin sí tàbí abẹ́ ilẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ògiri, ẹ wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé àárín páìpù. Bí ó bá jẹ́ abẹ́ ilẹ̀, ẹ wọn ọ̀nà tí ó wà láàárín ògiri àti àwọn bóòtù méjì tí ó di ẹsẹ̀ àwo mú, torí àárín àwọn bóòtù yẹn gan-an ni àárín ihò wà. Lára àwọn tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n Àríwá Amẹ́ríkà, íǹṣì 12 ni ó wọ́pọ̀ jù, èyí tí í ṣe nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30.5, ṣùgbọ́n ti íǹṣì 10 àti ti 14 náà wà. Ẹni tí ihò rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 10 tí ó lọ ra ti 12 yóò rí i pé tánkì ti gbá ògiri kí àwo tó dé orí ihò. Ẹni tí ó ṣe òdì kejì rẹ̀ yóò rí i gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo yóò wà lẹ́yìn tánkì, gbogbo ohun tí ó bá sì bọ́ síbẹ̀ di ti ibẹ̀ nìyẹn.

Ní ti ìlà tí ẹ rí, kò sí àtúnṣe. Tánganran kì í ṣe ohun tí a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ kí ènìyàn tún wá jókòó lé e; ọjọ́ tí ó bá já, etí rẹ̀ a máa gé ènìyàn bí abẹ. Bí ó ṣe jẹ́ pé ìdí bóòtù ni ó ti bẹ̀rẹ̀, mo fura pé ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ ló fi sípánà fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ jù. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi símẹ́ńtì rì í mọ́lẹ̀. Símẹ́ńtì kì í jẹ́ kí ó mì, lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kì í lè tú u láìfọ́ ọ.

Ẹ béèrè nípa omi. Àwọn tọ́ílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ń lo lítà 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ti òde òní ń lo 6, àwọn mìíràn ń lo 4.8, àwọn oníbọ́tìnnì méjì sì ń lo 6 fún ìgbẹ́ àti 3 fún ìtọ̀. Nígbà tí àwọn onílítà 6 kọ́kọ́ dé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lágbára, torí pé àwọn kan nínú àwọn tí ń ṣe é kàn dín omi kù láìtún ikùn àwo ṣe. Ibẹ̀ ni orúkọ burúkú yẹn ti wá. Bí omi ṣe yára já wálẹ̀ ni ó ń gbé ẹ̀gbin lọ, kì í ṣe bí ó ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà, ẹ ṣí ìdérí tánkì kí ẹ wo ihò ìsàlẹ̀ rẹ̀: èyí tí ó fẹ̀ tó íǹṣì 3 ń da omi sílẹ̀ kíákíá ju oní-íǹṣì 2 lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ọwọ́ bọ ọ̀fun àwo, ìyẹn ihò kọ́lọkọ̀lọ tí ẹ̀gbin ń gbà jáde. Bí ó bá dán tí ó sì ń yọ̀ dé ibi tí ìka yín lè dé, ó dára. Bí ó bá rí gbàràgbàrà bí ẹ̀yìn ìkòkò amọ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ìdánwò kan tún wà tí wọ́n ń pè ní MaP, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003. Wọ́n máa ń lọ ẹ̀wà sóyà kúnná, wọn a wé e ní ìdì-ìdì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 50, wọn a fi bébà ìnùdí kún un, wọn a wá máa fi kún un títí àwo náà kò fi ní lè gbé e mọ́. Gíráàmù 1000 ni òkè pátápátá. Èmi kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ra èyí tí kò tó 500, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyàtọ̀ 800 àti 1000 pàdánù oorun. Ta ni ó ń ya ìgbẹ́ kílò kan?

Ìyá Ìbejì

Àgbà wa ti sọ òkodoro, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, nítorí pé ojú mi rí i. Olódidi kan ni mo rà, aláwọ̀ eérú, tí ara rẹ̀ ń dán bíi dígí. Kò ní oríkèé láàárín tánkì àti àwo tí omi lè gbà jò, ó rọrùn láti nù, gbogbo àlejò ló ń yìn ín. Ní ọdún kejì, bọ́tìnnì orí tánkì rì wọlé kò sì dìde mọ́. Nígbà tí a ṣí i, ike tí ó wà nínú rẹ̀ kò jọ èyí tí ẹnikẹ́ni ń tà; àwọn tí mo rà á lọ́wọ́ wọn sọ pé àwọn kò kó irú rẹ̀ wọlé mọ́. Ọ̀sẹ̀ 7 gbáko ni mo fi ń pọn omi sínú garawa láti fi ṣan án, pẹ̀lú gbogbo ẹwà rẹ̀. Láti ìgbà náà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: rọ́bà ìsàlẹ̀ tánkì tí ń dá omi dúró, fáàfù tí ń gbomi àti ìjókòó rẹ̀, ṣé mo lè rí wọn rà lọ́tọ̀ níbi mìíràn? Bí ẹni tí ń tà á bá ń ká ọ̀rọ̀ mọ́nú, mo ti ń bá tèmi lọ.

Ní ti Màmá, gíga ni kí ẹ wò. Àwọn tí ó wọ́pọ̀ máa ń ga tó íǹṣì 15 láti ilẹ̀ dé orí ìjókòó, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó ga tó 17 sí 19, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 43 sí 48, bí àga onílé. Fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ìwọ̀nba ìyàtọ̀ yẹn ló ń sọ bóyá wọn yóò dìde fúnra wọn tàbí wọn yóò pe ènìyàn. Ẹsẹ̀ ọmọ yín kò ní kan ilẹ̀. Ẹ wá àpótí kékeré kan fún un. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí Màmá jókòó lé e níbi tí wọ́n ti ń tà á. Ojú lè tì wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni.

Ẹ tún wo ìrísí àwo. Èyí tí ó gùn máa ń fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 yọ síwájú ju èyí tí ó rí róbótó lọ. Ó rọgbọ jù láti jókòó lé, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn yín kí ẹ wo ibi tí etí rẹ̀ ń dé. Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri ní tirẹ̀ nílò férémù irin nínú ògiri. Ẹni tí kò bá fẹ́ fọ́ ògiri, kí ó gbójú kúrò lára rẹ̀.

Ojúlówó

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé a ti fẹ́ ná owó Bàbá Ẹ̀bùn kí a tó mọ ohun tí ń ṣe ilé wọn. Bí ó bá jẹ́ pé páìpù abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti dí, tọ́ílẹ́ẹ̀tì tuntun yóò ṣe bákan náà pẹ̀lú ti àtijọ́. Ẹ bu omi bíi lítà 10 sínú garawa, kí ẹ dà á sínú àwo lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá gbá lọ pẹ̀lú agbára, páìpù kò lẹ́jọ́. Tánkì tàbí àwọn ihò abẹ́ etí àwo tí omi ń gbà wọ inú rẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá kún, tí ó sì ń fà lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ pe ẹni tí yóò la páìpù ná.

Ìró òru yẹn, rọ́bà ìsàlẹ̀ tánkì ni. Ẹ kán aró tàbí ohunkóhun tí ó ní àwọ̀ sínú tánkì, kí ẹ má fọwọ́ kàn án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí àwọ̀ náà bá yọ nínú àwo, rọ́bà ti jẹ. Bí ẹ bá sì jẹ́ ẹni tí ń ju oògùn afọtánkì sínú rẹ̀, ẹ jáwọ́, torí pé kílóríìnì ni ó ń jẹ rọ́bà bẹ́ẹ̀, yóò sì jẹ ti tuntun náà. Ní ti ẹsẹ̀ àwo tí ó sán, mo gbà fún Àgbà Pọ́lọ́ńbà.

Bàbá Ẹ̀bùn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Àwọ̀ náà yọ nínú àwo kí ìṣẹ́jú 10 tó pé. Omi garawa lọ gbàà, kò dúró rárá. Mo fi dígí kékeré wo abẹ́ etí àwo, mo sì rí i pé ohun funfun líle kan ti dí ihò tí ó ju ìdajì lọ. Nítorí náà, ó dá mi lójú pé páìpù mọ́. Abẹ́ ilẹ̀ ni ihò wa wà, sẹ̀ǹtímítà 28 ni mo sì wọ̀n láti ara táìlì ìsàlẹ̀ ògiri dé àárín bóòtù. Ṣé ti íǹṣì 10 ni kí n rà nìyẹn, níwọ̀n bí kò ti tó 12? Èyí tí tánkì rẹ̀ dá dúró lórí àwo, tí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 43, ni ó wù mí, àwo róbótó, torí pé ilẹ̀kùn wa súnmọ́ ọn. Mo rí méjì tí ó jọra: ọ̀kan ń fa ẹ̀gbin lọ bí ẹni fi ẹnu fa omi, ìkejì kàn ń tì í lọ.

Àgbà Pọ́lọ́ńbà

Ẹ dúró ná. Táìlì ìsàlẹ̀ ògiri tí ẹ wí yẹn, ṣé kì í ṣe èyí tí ó yọ síta ju ògiri lọ? Ẹ wọn bí ó ṣe nípọn tó, kí ẹ fi kún un, torí ara ògiri gan-an, níbi tí tánkì yóò fẹ̀yìn tì, ni a ti ń wọ̀n.

Bàbá Ẹ̀bùn

Ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 àti ààbọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30.5. Íǹṣì 12 ni! Ọ̀la ni mo fẹ́ lọ sanwó fún ti 10 o.

Àgbà Pọ́lọ́ńbà

Orí yín ni ó bá yín ṣe é. Nínú méjì tí ẹ rí, èyí tí ń fa omi máa ń ní omi púpọ̀ lójú àwo, nítorí náà ẹ̀gbin kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọ̀fun rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tí ń tì í ní ọ̀fun kúkúrú tí ó fẹ̀, kì í tètè dí, ṣùgbọ́n búrọ́ṣì yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ ọdún 4 ń bẹ nínú ilé yín, ọmọ yóò sì ju nǹkan sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Èmi yóò mú èyí tí ń tì í.

Ẹ fi ìkáńkù lu àwo náà kí ẹ tó gbà á: bí ó bá dún gaan bí agogo, ó pé, bí ó bá dún kòkò, ó ti sán níbì kan. Ẹ ra òrùka ìda tuntun, èyí tí ń dí àárín ìdí àwo àti ihò ilẹ̀, ẹ má tún ti àtijọ́ lò. Kí ẹni tí yóò gbé e kalẹ̀ fi ọwọ́ fún nọ́ọ̀tì méjèèjì, kí ó wá máa fi sípánà yí wọn díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún kan, òsì kan, kí ó sì dúró nígbà tí àwo kò bá mì mọ́. Bí ilẹ̀ kò bá tẹ́jú, ike pẹlẹbẹ ni kí ó fi gbé e. Bí ó bá fẹ́ fi gọ́ọ̀mù dí ìdí rẹ̀, kí ó fi ẹ̀yìn sílẹ̀, kí omi lè rí ibi yọ sí yín bí ó bá ń jò lábẹ́. Nígbà tí ihò bá sì ṣí sílẹ̀, kí ó ki àkísà bọ̀ ọ́ kí òórùn má bàa gba ilé, kí ó sì yọ ọ́ kí ó tó gbé tuntun lé e. Ẹ má rẹ́rìn-ín: àwo méjì ni mo ti tú rí nítorí àkísà.