Ọ̀rọ̀ Yorùbá wo ló bá liberalism mu?

Ẹ̀yin àgbà nínú èdè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mò ń ṣàlàyé èrò John Stuart Mill, amòye ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Yorùbá. Democracy kò ṣòro: ìjọba tiwa-n-tiwa. Mo pe socialism ní ètò àjùmọ̀ní, ó sì yé wọn. Liberalism ló dá mi dúró.

Mo kọ́kọ́ lo “ètò òmìnira”, àmọ́ ọdún 1960 ni ọkàn gbogbo wọn lọ. Mo wá gbìyànjú “òmìnira ẹnì kọ̀ọ̀kan”. Ìyẹn bá ohun tí Mill kọ ní 1859 mu dáadáa, pé kí ìjọba má fipá mú ẹnikẹ́ni àfi láti má jẹ́ kó pa ẹlòmíràn lára. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 1873, Mill kan náà sọ pé èrò òun àti Harriet ìyàwó òun ti kọjá tiwa-n-tiwa lásán, pé a lè kà wọ́n mọ́ àwọn onísósíálíìsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ó ti sẹ́ òmìnira nìyẹn. Kò sẹ́ ẹ rárá!

Ọ̀rọ̀ wo lẹ máa ń lò fún liberalism tí kò ní mú kó dà bíi pé ó bá àjùmọ̀ní jà?