Ọ̀wẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀gá: kí la ó máa pe supercomputer?

Ẹ̀gbọ́n wa láti Ṣómólú dábàá "ọ̀gá kọ̀ǹpútà" fún supercomputer, ìyẹn kọ̀ǹpútà alágbára tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ńláńlá. Ẹ má bínú sà, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá gbọ́ "ọ̀gá" yóò rò pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ ju ti ìyókù lọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Frontier, supercomputer kan tó wà ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tó lé ní 9,400 ni wọ́n so pọ̀ tó di òun. Ọ̀wẹ̀ nìyẹn. "Kọ̀ǹpútà ọ̀wẹ̀" ni èmi fara mọ́. Mi ò sọ pé "ọlọ́wẹ̀" o, torí ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ lọ́rọ̀ náà lè tọ́ka sí, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ni iṣẹ́ sì nìyẹn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣèṣirò bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ṣe ń wáyé. Wọ́n á pín òfuurufú bí a ṣe ń pín poro lóko, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á gba tirẹ̀. Àmọ́ agbára òòfà kò mọ ààlà poro: ìràwọ̀ ọ̀dọ̀ tèmi ń fa ti ọ̀dọ̀ rẹ. Nítorí náà, ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ síra wọn kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Bí ọ̀kan bá lọ́ra, gbogbo wọn á dúró dè é, bí ìgbà tí àwọn lébìrà tò láti da dẹ́kìn ilé ní Muṣin, tí ẹnì kan dúró nu òógùn, tí páànù kankéré ò lọ mọ́.

"Kọ̀ǹpútà ńlá" náà ní àléébù. Ó ń jẹ́ kí èèyàn rò pé kí á ṣáà máa fi ẹ̀rọ kún ẹ̀rọ ni. Bí ìdá 5 nínú 100 iṣẹ́ kan kò bá ṣeé pín, kò lè yá ju ìlọ́po 20 lọ láéláé, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ sì máa ń kú lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ibi tí ìṣirò dé sórí dísìkì lóòrèkóòrè.

Àbúrò kan bi mí pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ àáró. Àáró, lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ. Ọ̀wẹ̀, oko ẹnì kan ni gbogbo wa ya bò. Ẹ jẹ́ kí á fi àáró sílẹ̀ fún grid, irú èyí tí CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, ń lò fún dátà físíìsì: bíi 170 ibùdó ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 40, tí kálukú ń yá ẹnì kejì ní ẹ̀rọ.

Node, ìyẹn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n so pọ̀, ló kù. "Kókó" tí wọ́n dábàá kò dùn mọ́ mi, torí kókó ni ohun tó ṣe pàtàkì jù, bẹ́ẹ̀ node kan kò ju èkejì lọ. Ṣé "ẹ̀rọ ẹlẹgbẹ́" kò ní sàn jù?