Lórí “àṣírí”, “àyọjúràn” àti òfin owó ẹgbẹ́ òṣèlú ní Ireland

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín.

Ẹnìkan nínú wa tí ó ń gbé ní Dublin fi gbólóhùn kan ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì ní kí a bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ó ń ṣe ìwé kékeré kan tí àwọn Yorùbá ibẹ̀ yóò fi mọ òfin ìdìbò ìlú náà. Gbólóhùn náà nìyí: “Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú gbọ́dọ̀ tú àṣírí owó wọn, kí wọ́n sì pa àṣírí olùdìbò mọ́.” Ó dùn létí, àwọn mélòó kan sì ti yìn ín. Èmi kò lè fara mọ́ ọn, nítorí pé ibi tí ó ti dùn gan-an ni ó ti lè ṣi òǹkàwé lọ́nà.

Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ. Ní Ireland, ẹni tí ó bá ń gbé ìlú lè dìbò yan ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ bí kò tilẹ̀ tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè náà, Rotimi Adebari tí a bí ní Nàìjíríà sì di olórí ìlú Portlaoise ní 2007. Orúkọ àwọn ènìyàn wa wà nínú ìwé orúkọ olùdìbò tí àwọn ẹgbẹ́ ń gbà láti fi polongo. Bí a bá túmọ̀ ẹ̀tọ́ wọn ní àtúmọ̀dì, àwọn ni yóò pàdánù.

Nínú èdè wa, àṣírí ju ohun tí ènìyàn kàn fi sọ́dọ̀ ara rẹ̀ lọ. Ohun tí ìtìjú tàbí ewu yóò tẹ̀lé bí ó bá tú ni. Ẹni tí owó bọ́ sí lọ́wọ́ nígbà ìṣòro a ní Ọlọ́run bo àṣírí òun. Ẹni tí ọwọ́ tẹ̀ ni a ń sọ pé àṣírí rẹ̀ tú. Ilé tí olùdìbò ń gbé, ọjọ́ orí rẹ̀ àti ẹgbẹ́ tí ọkàn rẹ̀ fà sí kò ní ìtìjú kankan nínú. Bí a bá pè wọ́n ní àṣírí, a ti sọ ọ́ di ẹni tí ó ní ohun tí ó ń bò mọ́lẹ̀ kí ó tó la ẹnu rárá. Ní ti ẹgbẹ́, “tú àṣírí” tún jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn: oníròyìn ni ó ń tú u, tàbí ọ̀tá, tàbí ọ̀rẹ́ tí inú bí. Ohun tí òfin Ireland béèrè yàtọ̀ sí èyí. Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni yóò kọ ìwé lọ́dọọdún sí SIPO, ìgbìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001 láti máa ṣọ́ ìwà àwọn tí ó wà nípò, yóò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni tí ó fún un ní ohun tí iye rẹ̀ ju €1,500 lọ nínú ọdún kan. “Àkóyawọ́” tí àwọn oníròyìn wa ń lò bá èyí mu jù lọ, nítorí pé ẹni tí ó ni ọwọ́ ni ó ń la ọwọ́ rẹ̀ kí a lè rí ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ìyá wa kan láti Ìbàdàn dá a lábàá pé kí a fi “ìpamọ́ ìwífún olùdìbò” rọ́pò àṣírí. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo rò pé èyí léwu jù ú lọ. Ní oṣù Kẹrin 2021 ni àwọn ìwé ìròyìn Ireland gbé ọ̀rọ̀ Abú jáde, àkójọ orí kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ Sinn Féin fi ń to orúkọ àwọn olùdìbò láti inú ìwé ìjọba, tí wọ́n sì ń so ohun tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ nípa ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fì sí mọ́ orúkọ rẹ̀. (Fún àwọn tí ó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀: àmì orí “u” nínú Abú kì í ṣe àmì ohùn òkè. Èdè Irish ń fi hàn pé a fa fáwẹ́lì náà gùn ni, nítorí náà kí a fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà.) Ìgbìmọ̀ ìdáàbòbò ìwífún ti ilẹ̀ náà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí, ó sì yẹ iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ wò kí ọdún náà tó parí. Òdodo ni pé òfin 2018 wọn gba ẹgbẹ́ láyè láti lo irú ìwífún bẹ́ẹ̀ fún ìpolongo, bí ààbò tí ó yẹ bá wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí Abú jẹ́: ìpamọ́ ni. Ẹgbẹ́ ni ó pa ìwífún náà mọ́. Bí a bá kọ “ìpamọ́ ìwífún olùdìbò”, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni a ṣàpèjúwe, a kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ olùdìbò.

Àwọn tí ó túmọ̀ Ìkéde Káríayé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn sí Yorùbá ti pàdé ìṣòro yìí ṣáájú wa, “àyọjúràn” ni wọ́n sì lò. Wọn kò wá orúkọ fún ohun tí a ń dáàbò bò. Ìwà ẹni tí ó ń wọlé láìjẹ́ pé a pè é ni wọ́n sọ lórúkọ. Ọgbọ́n ńlá ni mo ka èyí sí. Ní oṣù Kẹfà 2021, ẹgbẹ́ mélòó kan ní Ireland gbà pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn ti lọ bá àwọn olùdìbò bí ẹni pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣèwádìí èrò ará ìlú ni wọ́n. Kí ni a ó pe èyí? Àṣírí kankan kò tú níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí wọ́n bi léèrè fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Síbẹ̀, wọ́n yọjú sí ọ̀ràn rẹ̀ pẹ̀lú ojú tí kì í ṣe tiwọn. Mo dábàá “ẹ̀tọ́ sí àìyọjúràn”, kí a sì kọ “ìwífún ẹni”, kí a má kọ “ìwífún aládàáni”, nítorí ẹni tí ó mọ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni yóò rò pé ìwífún àwọn oníṣòwò ni.

“Owó òkèèrè” tí ó tún wà nínú ìwé náà kò bá òfin mu. Òfin ìdìbò 1997, pẹ̀lú àtúnṣe tí ó tẹ̀lé e, kò wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ọmọ orílẹ̀-èdè Ireland tí ó ń gbé ní Boston lè fún ẹgbẹ́ ní owó. Ọmọ Nàìjíríà tí ó ń gbé ní Dublin náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà “owó àjòjì” pàápàá kò tọ́. Ẹni tí òfin lé sẹ́yìn ni ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ireland tí kò sì gbé orí erékùṣù náà, àti àjọ tí kò ní ọ́fíìsì tí ó ń darí iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Erékùṣù ni wọ́n kọ, kì í ṣe orílẹ̀-èdè, Belfast, olú ìlú Northern Ireland tí ó wà lábẹ́ UK, sì wà lórí erékùṣù náà. Ọkùnrin kan kú ní Wales ní 2018, ó sì fi ogún sílẹ̀ fún Sinn Féin, £1.5 mílíọ̀nù ni apá àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò lè gbà á lábẹ́ òfin Dublin, níbi tí ẹnìkan kò ti gbọdọ̀ fún ẹgbẹ́ ju €2,500 lọ lọ́dún. Northern Ireland ni wọ́n ti gbà á, lábẹ́ òfin UK tí kò fi òdiwọ̀n sí i. Ṣé òkèèrè ni owó náà ti wá? “Ìdásí láti ìta erékùṣù” gùn, ṣùgbọ́n kò parọ́. Mo sì fẹ́ “ìdásí” ju “ìdáwó” lọ, nítorí pé òfin náà ka ọkọ̀, ilé àti iṣẹ́ ọ̀fẹ́ mọ́ ọn.

Kí a má ṣe kọ “ẹgbẹ́ kẹta” fún “third party”, ìyẹn àwọn àjọ tí kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú tí wọ́n ń gba owó fún ìpolongo. Òǹkàwé yóò máa wá ẹgbẹ́ òṣèlú kẹta. “Ẹnìkẹta” tó. Ìpín yìí ni SIPO fi Amnesty International Ireland, àjọ tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, sí ní 2017, nígbà tí ó ní kí wọ́n dá €137,000 tí Open Society Foundations, àjọ olówó ìrànwọ́ kan láti Amẹ́ríkà, fún wọn padà, kí ó tó gbà ní 2018 pé ọ̀nà tí òun gbà dé ìpinnu náà kò tọ́.

Gbólóhùn tí mo fi rọ́pò ti Dublin nìyí: “Kí ẹgbẹ́ òṣèlú máa ṣe àkóyawọ́ lórí gbogbo ìdásí tí ó bá gbà, kí ó má sì ṣe àyọjúràn sí ọ̀rọ̀ olùdìbò.”

Ibì kan ṣoṣo ni n kò ti fẹ́ kí a yọ àṣírí kúrò. Ní Northern Ireland, òfin bo orúkọ àwọn tí ó ń fún ẹgbẹ́ ní owó títí di oṣù Keje 2017, nítorí ìbẹ̀rù pé wọ́n lè pa wọ́n lára. Lábẹ́ ìbòrí yẹn kan náà ni £435,000 gbà dé ọwọ́ DUP, ẹgbẹ́ òṣèlú kan ní Northern Ireland, nígbà ìdìbò Brexit ní 2016, èyí tí wọ́n fi pinnu bóyá UK yóò kúrò nínú àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì lọ sí ìpolówó nínú ìwé ìròyìn tí wọn kì í pín ní Belfast. Oníṣòwò kékeré tí ó ń bẹ̀rù ìbọn ní àṣírí ní tòótọ́, nítorí pé ewu yóò tẹ̀ lé e bí ó bá tú. Ẹni tí ó fi £435,000 sílẹ̀ ńkọ́, kí ni kí a pe tirẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá.