Wọ́n Fẹ́ Yí Òfin Ìkọ̀sílẹ̀ ní Texas: Ẹ Gbà Mí Nímọ̀ràn

Ìyá Ire (Houston): Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ènìyàn mi. Oorun kò kun ojú mi lánàá. Wọ́n ní àwọn aṣòfin kan tún ń gbèrò àbá kan ní Austin, olú ìlú Texas, pé adájọ́ kò ní tú tọkọtaya ká mọ́ àfi bí ẹnì kan bá fi ẹ̀rí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kejì hàn. Oṣù keje rèé tí mo ti kúrò nílé bàbá àwọn ọmọ, n kò sì tíì kọ ìwé kankan. Ṣé kí n tètè lọ ni, àbí kí n ní sùúrù?

Bàbá Tósìn (Dallas): Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Ire. Àbá kì í ṣe òfin. Láti 1970 ni ènìyàn ti lè sọ níbí pé ìgbéyàwó náà kò ṣeé fara dà mọ́, kí wọ́n sì tú u ká láìbi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀bi. Ní 2017, aṣòfin Texas kan, Matt Krause, gbé irú àbá yìí wá, kò sì kọjá. Ìwé ni kí ẹ bẹ̀rù. Nígbà tí ìyàwó mi fi ìwé kóòtù ránṣẹ́ sí mi, mo tì í sábẹ́ àpótí, mo ní n kò fọwọ́ sí i. Aago 10 òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé 20 ọjọ́ lẹ́yìn tí mo gbà á ni kí n ti dáhùn; n kò dáhùn. Wọ́n dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn mi. Ilé lọ, mọ́tò lọ.

Àǹtí Bísí (Houston): Ta ló sọ fún yín pé àìfọwọ́sí a máa dá adájọ́ dúró?

Bàbá Tósìn: Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni, Àǹtí. Wọ́n ní bí n kò bá ti gbà, kò sí ìkọ̀sílẹ̀.

Àǹtí Bísí: Àwọn àgbà náà kọ́ ló pàdánù ilé. Ẹ kò tilẹ̀ nílò láti jiyàn. Ẹ kàn ní láti kọ èsì ránṣẹ́ ni.

Alàgbà Kọ́lá (Bowie, Maryland): Ẹ fi ti Bàbá Tósìn sílẹ̀, tèmi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbéyàwó alárédè ni mo ṣe ní Ìkòyí, kóòtù ìbílẹ̀ ni mo sì ní kó tú u ká. Mo gbé ìwé náà dé ibí pé mo fẹ́ fẹ́ ẹlòmíràn, ni lọ́yà bá ṣàlàyé fún mi pé Ilé Ẹjọ́ Gíga nìkan ló lè tú irú rẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Maryland wa: láti October 2023, a kì í béèrè ẹ̀bi mọ́. Bí ẹ bá ti fi oṣù mẹ́fà gbé ìgbé ayé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kódà lábẹ́ òrùlé kan náà, ó ti tó.

Àǹtí Bísí: Oṣù mẹ́fà lẹ fi ń yangàn? Lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti kọ ìwé ní Houston, 60 ọjọ́ ni adájọ́ ní láti dúró.

Alàgbà Kọ́lá: Bí àbá yín bá wá kọjá ńkọ́? Ẹni tí kò bá rí ẹ̀rí ìwà ìkà tàbí àgbèrè yóò fi ọdún mẹ́ta gbé lọ́tọ̀ kó tó rí ẹjọ́ rò. Ẹ yára kó wá sí Bowie.

Bàbá Tósìn: Pẹ̀lú òjò dídì yín? Ó yá mi lára kí n padà sọ́dọ̀ ìyàwó mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Ire: Ẹ̀rín pa mí o, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dá mi lóhùn.

Àǹtí Bísí: Ẹ rí lọ́yà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wà níbẹ̀. Àárò ilé ni ọ̀rọ̀ yín dá sílẹ̀ fún mi. Bí ìyá mi bá ti gbọ́ ìròyìn kóòtù Mápó nílé wa n'Ìbàdàn, á yí rédíò sókè, á sì dá ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ kí adájọ́ tó dá a. Ọkọ ló máa ń jẹ̀bi.