Àtúntẹ̀dó kò bá a mu

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùfẹ́ èdè. Ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé ká máa pe kíkó ogunléndé kúrò ní orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ sá wọ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "resettlement", ní àtúntẹ̀dó. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidi, àmọ́ n kò gbà.

Ẹni tó bá tẹ̀dó, òun ló yan ilẹ̀. Àwa ará Ìbàdàn mọ ìyẹn dáadáa. Ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá fẹsẹ̀ ara wọn wọ ibí, wọ́n pàgọ́, àwọn tí ogun lé kúrò ní ilé wọn sì ń rọ́ wá bá wọn. Wọn kò gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ti ogunléndé tó wà ní àgọ́ Kakuma, ní Kẹ́ńyà, kò rí bẹ́ẹ̀. UNHCR, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogunléndé, ló sábà máa ń gbé orúkọ rẹ̀ síwájú. Orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gbà á ló ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, tó ń yẹ ara rẹ̀ wò, tó sì lè sọ pé òun kò gbà, nítorí kò sí òfin àgbáyé tó sọ ọ́ di dandan. Lọ́dún kan, àwọn tó ń rí àyè yìí gbà kì í sábà tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún ogunléndé. Mo bi ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Bódìjà pé kí ni àtúntẹ̀dó. Ó ní, "Ṣé ìjọba fẹ́ kọ́ ìlú tuntun ni?"

Ìgbàsílùú ni mo fara mọ́. Ó fi hàn pé ẹnìkan ló ń gbani. Ìgbàlejò kò tó o, torí àlejò á padà sílé, ẹni yìí sì ń gba ẹ̀tọ́ àtimáa gbé ibẹ̀. "Orílẹ̀-èdè kẹta" tí wọ́n máa ń sọ nínú ọ̀rọ̀ yìí náà fẹ́ àlàyé: èyí tó sá kúrò ni àkọ́kọ́, èyí tó kọ́kọ́ sá wọ̀ ni èkejì, èyí tó gbà á nígbẹ̀yìn ni ẹ̀kẹta.

Ohun tó dùn mí jù ni ẹni tó pe àwọn ọ̀nà yòókù tí ogunléndé lè gbà dé orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ̀kọ́ọ̀fẹ́, iṣẹ́, kí ìyàwó lọ bá ọkọ rẹ̀, ní ọ̀nà àbùjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Físà wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀nà tó bófin mu ni.