Kọ́tà wo ló yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tíṣáàtì ní Ìlọrin rà?

Onítíṣáàtì Tánkẹ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fẹ́ ra kọ́tà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi bíléèdì gé nǹkan, tí n ó máa fi gé flex (rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ aláwọ̀ tí à ń fi ooru lẹ̀ mọ́ aṣọ) fún tíṣáàtì àti pólò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Unilorin àti Kwara Poly ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń béèrè: aṣọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́, aṣọ ìparí ìdánwò, orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì. Ó lè jẹ́ aṣọ 20, ó lè jẹ́ 80. Mo ti wo Cameo oní-ínṣì 12, mo wo Cricut, mo sì wo àwọn ti Ṣáínà oní-ínṣì 28 tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ ara wọn. CorelDRAW tí à ń fi yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà ni mo mọ̀ ọ́n lò. N kò tíì ra heat press tó ń fi ooru tẹ flex mọ́ aṣọ, owó kan náà ni n ó sì fi ra méjèèjì. Èwo ni kí n mú, kí ni kí n sì yẹ̀ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ mi?

Ọmọ Ọ̀ffà:
Kí ẹ tó wo orúkọ ẹ̀rọ rárá, ẹ kọ́kọ́ wo ìbú flex tí ẹ ó máa rà. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, odindi rólì rẹ̀ sì máa ń gùn tó mítà 25. Wọ́n máa ń gé e ní yáàdì-yáàdì fún ẹni tí kò ra odindi. Ínṣì 12 ò ju sẹ̀ǹtímítà 30 àti díẹ̀ lọ. Gbogbo yáàdì tí ẹ bá rà, ẹ ó máa fi sísọ́ọ̀sì là á kó tó wọ ẹnu ẹ̀rọ kékeré yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi àmì àyà aṣọ 80 ṣe ìṣirò. Kí àmì kọ̀ọ̀kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8, kó ga ní 8, kí àlàfo ìdajì sẹ̀ǹtímítà wà láàárín wọn. Lórí flex oní-50, márùn-ún á tò síbùú, ìlà 16 á sì parí rẹ̀. Kò tó mítà kan àti ààbọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ sì fi flex sẹ́nu ẹ̀rọ. Lórí oní-30, mẹ́ta ni yóò tò. Ẹ lè lo 20 tó ṣẹ́kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún àmì kéékèèké, ṣùgbọ́n ẹ ó tún un tì bọ ẹ̀rọ, ẹ ó tún un tọ́. Fún àwòrán ńlá ẹ̀yìn aṣọ, kò tó nǹkan kan.

Cameo kì í ṣe ẹ̀rọ burúkú o. Ó ń gé lẹ́tà wínníwínní dáadáa, Silhouette Studio, ètò kọ̀ǹpútà tó bá a wá, sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kàn mọ̀ pé èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣí fáìlì SVG. DXF, irú fáìlì àwòrán mìíràn, lẹ ó máa gbé jáde láti inú CorelDRAW. Ti Cricut ni n kò ní gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Design Space, ètò kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ń béèrè àkáǹtì íntánẹ́ẹ̀tì, àfi kí ẹ sì ti tọ́jú iṣẹ́ sórí laptop ṣáájú kí ẹ tó lè lò ó láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọjọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, tí oníbàárà sì jókòó tì yín, kí lẹ fẹ́ sọ fún un?

Bàbá Plọ́tà:
Òótọ́ ni Ọmọ Ọ̀ffà sọ. Àbúrò, ti Ṣáínà oní-ínṣì 24 tàbí 28 ni kó o rà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn ló dára, ohun tí wọ́n kọ sára páálí kọ́ lo fi máa mọ̀ ọ́n. Wọ́n á kọ ọ́ pé ó ń sáré tó mílímítà 800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (mm/s). Flex ò fẹ́ eré: 200 mm/s ti tó, lẹ́tà kéékèèké ò sì gbọdọ̀ ju 100 lọ. Irú mọ́tò tó ń yí inú ẹ̀rọ ni kó o béèrè. Stepper ló wà nínú àwọn tí owó wọn rọjú. Ó ń pariwo, tó o bá sì lé e jù, á fo ìṣísẹ̀, ìlà ò ní padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Servo dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó sì ń gé ìyípo kó dán, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Fún iṣẹ́ tó o kà sílẹ̀ yìí, stepper tó le dáadáa á gbé e.

Má sanwó láìdán an wò. Gbé laptop tìrẹ lọ. Ní kí wọ́n yọ bíléèdì, kí wọ́n fi bírò sípò rẹ̀. Ya àpótí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, tó gùn ní mítà kan. Ibi tó parí gbọ́dọ̀ bá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ mu. Má fọwọ́ kan nǹkan kan, ní kó tún ya àpótí kan náà lórí ti àkọ́kọ́. Tí ìlà bá di méjì, bóyá rólà ò tẹ flex mọ́lẹ̀ dọ́gba ni, bóyá bẹ́líìtì ló ti rọ̀. Rí i pé rólà kọ̀ọ̀kan wà lórí apá irin tó rí ṣákaṣàka, kí o tún un dán wò. Tó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà, dá bíléèdì padà, kí o gé òbìrí oní-mílímítà 5. Tí kò bá pa ẹnu dé, wo offset (iye mílímítà tí ẹnu bíléèdì fi yà kúrò ní àárín rẹ̀) kí o tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, 0.25 ni ti bíléèdì tó wọ́pọ̀. Igun tó bá rí roboto, offset kéré jù. Igun tó bá yọ ìwo, ó pọ̀ jù.

Wo ilé bíléèdì pẹ̀lú. Kó jẹ́ irú ti Roland, torí bíléèdì rẹ̀ ló rọrùn jù láti rí rà. Oní-45 ni ti flex lásán, oní-60 ni ti flock (flex onírun) àti èyí tó ń tàn wínrinwínrin. Béèrè ọ̀já funfun tínrín tó wà lábẹ́ bíléèdì, kí wọ́n fún ọ ní ọ̀kan sí i. Tí bíléèdì bá ti la ojú ọ̀nà sínú rẹ̀, gígé ò ní dọ́gba mọ́, ọ̀pọ̀ á sì máa rò pé bíléèdì ló kú.

Ní ti ètò kọ̀ǹpútà tó ń rán iṣẹ́ sí ẹ̀rọ, tó bá jẹ́ Artcut àtijọ́ ló bá a wá, wàhálà ni lórí Windows tuntun. SignMaster ni kó o béèrè, kí o sì gba káàdì tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí. Rí i pé laptop rẹ mọ ẹ̀rọ náà, pé nọ́ńbà COM rẹ̀ (ojú ọ̀nà tí laptop fi ń bá a sọ̀rọ̀) jáde, kí o tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Onítíṣáàtì Tánkẹ:
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ẹnì kan ní kí n má ra èyí tí kò ní kámẹ́rà, ṣé dandan ni? Àti pé àwọn tó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ Yorùbá tòun ti àmì pọ̀. Àwọn àmì ìsàlẹ̀ yẹn kì í ṣí kúrò?

Àǹtí Ọ̀mù-Àrán:
Kámẹ́rà wà fún ẹni tó ń tẹ àwòrán aláwọ̀ pọ̀, tó wá fẹ́ gé etí rẹ̀ yíká. Ó ń ka àmì tí ẹ tẹ̀ sí igun bébà kó lè mọ ibi tí àwòrán wà. Flex aláwọ̀ kan ni ẹ̀yin fẹ́ gé, kò níṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹ fi owó yẹn kún ti heat press.

Àmì ìsàlẹ̀ máa ń ṣí lóòótọ́, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára, torí kò yẹ ká máa kọ orúkọ ọmọ wa láìní àmì nítorí ẹ̀rọ. Àmì tó kéré sí mílímítà 1.5, àlẹ̀mọ́ tó dì í mú ò tó nǹkan, bíléèdì á kàn wọ́ ọ lọ. Ẹ sọ ọ́ di 2 ó kéré tán. Tí lẹ́tà bá kéré jù fún ìyẹn, ẹ fa ìlà kékeré lóòró kó so mọ́ ìdí ẹ, ọ àti ṣ, kí ẹ fi Weld, àṣẹ inú CorelDRAW tó ń sọ àwòrán méjì di ọ̀kan, so ó pọ̀. Kò ní lè ṣí. Ẹ tún wo fọ́ǹtì. Kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún ọ́ tàbí ẹ̀, àmì ohùn ni wọ́n ń gbé ka orí lẹ́tà, ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó rẹwà ni kò sì mọ̀ ọ́n gbé. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ di curves (ìlà lásán, tí kì í ṣe fọ́ǹtì mọ́), ẹ fọwọ́ sún àmì sí ààyè rẹ̀, kí ẹ tó Weld. Ibi tí ìlà bá ti gun ara wọn láìsí Weld, bíléèdì á gé àárín lẹ́tà yín.

Bíléèdì tó yọ jù tún ń ṣí àmì. Kò gbọdọ̀ yọ ju ìdajì nínípọn káàdì ATM lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtẹ̀ (agbára tí bíléèdì fi ń tẹ flex) láti gíráàmù 80, ẹ máa fi 10 kún un, ẹ máa gé àpótí oní-sẹ̀ǹtímítà kan dán an wò. Flex àti àlẹ̀mọ́ rẹ̀ ló yẹ kó gé, kí ike tó ń dán lábẹ́ má gé; àpá fífẹ́lẹ́ lásán ni kó hàn lára rẹ̀. Ike yẹn ló ń dojú kọ ilẹ̀, nítorí náà ẹ yí àwòrán padà bíi ti dígí kí ẹ tó gé.

Heat press oní-sẹ̀ǹtímítà 38 sí 38 ti tó yín. Fún aṣọ òwú, ooru dígírì Celsius 150 sí 160, ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15. Ẹ kọ́kọ́ tẹ aṣọ nìkan fún ìṣẹ́jú àáyá 5 kí omi inú rẹ̀ jáde, torí omi yẹn ló ń jẹ́ kí flex hó. Polyester ti jẹ́sì ò gba ooru bẹ́ẹ̀. Flex tí wọ́n ṣe fún ooru kékeré lẹ ó rà fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ aṣọ á yọ sórí lẹ́tà funfun. Àwọn flex kan wà tí à ń ká ike wọn ní gbígbóná, àwọn kan ní tútù. Ẹ bi ẹni tó tà á. Kí oníbàárà má fọ̀ ọ́ kó tó pé wákàtí 24.

Ọmọ Ọ̀ffà:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti iná kún un. Kọ́tà kì í jẹ tó wáàtì 100, ṣùgbọ́n heat press yẹn lè jẹ 1,500 sí 2,000, jẹnẹrétọ̀ kékeré oní-950 ò lè gbé e. Tí NEPA bá mú iná lọ lágbedeméjì, ẹ̀rọ á gbàgbé ibi tó dé, flex yẹn ti lọ nìyẹn; UPS kékeré kan fún kọ́tà pọn dandan.

Nígbà ọyẹ́, iná tó máa ń ta èèyàn lọ́wọ́ tó bá kan irin, òun náà ló ń já USB ẹ̀rọ lójijì. Ẹ so ara kọ́tà mọ́ wáyà earth, kí okùn USB má ju mítà 2 lọ, ẹ fa flex sílẹ̀ lára rólì kí ẹ tó gé kó má máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Eruku ọyẹ́ ń kún ojú irin ṣákaṣàka yẹn. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ fi gbọ̀n ọ́n láràárọ̀.

Tó bá jẹ́ Ṣómólú lẹ ti rà á, tí mọ́tò ń gbé e bọ̀ wá sí Ìlọrin, ẹ ní kí wọ́n fi fóòmù de orí tó ń gbé bíléèdì mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, kí wọ́n sì yọ bíléèdì kúrò nínú rẹ̀.