Ọ̀rọ̀ wúńdíá kọ́, ìjúbà ni

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́.

Àbúrò wa tó túmọ̀ àkọsílẹ̀ ohun tí Kemi Badenoch sọ nílé aṣòfin Britain lọ́dún 2017 gbìyànjú gan-an. Àmọ́ ó kọ "ìdáwó" fún "contribution" sí àkọlé, bí ẹni pé èésú ni obìnrin náà ń dá pẹ̀lú àwọn aṣòfin. Owó là ń dá. Ọ̀rọ̀, à ń dá sí i ni. "Ìdásí" ti tó, ìyẹn ò la ariwo lọ.

Èyí tí mi ò lè gbé mì ni "ọ̀rọ̀ wúńdíá" tó kọ fún "maiden speech", ìyẹn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí aṣòfin tuntun ń sọ nílé aṣòfin. Ẹsẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló tọ̀ débẹ̀. Bí mo bá kà á sétí ìyá mi, wọ́n á bi mí pé ta ló ń wá ọkọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ ná. Oṣù kẹfà ni wọ́n dìbò yan Badenoch fún Saffron Walden, agbègbè ìdìbò kan ní England, ọjọ́ 19 oṣù keje ló sì sọ ọ̀rọ̀ yìí. Àṣà ilé náà ni pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nígbà àkọ́kọ́ á yin ẹni tó wà lórí àga náà ṣáájú òun (Alan Haselhurst ni tiẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ láti 1977), á sọ̀rọ̀ nípa ìlú tó rán an wá, á sì sọ orírun tirẹ̀. Badenoch ní Wimbledon ni wọ́n bí òun sí, àmọ́ Nàìjíríà lòun dàgbà sí. Ó mẹ́nu ba iṣẹ́ àṣetiléwá tó ń ṣe lábẹ́ iná àbẹ́là, àti korobá tó ti dógùn-ún tó fi ń pọnmi láti nǹkan bíi máìlì kan. Ẹni tó bá gbé Èkó láyé NEPA kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀. Títí ó fi sọ ọ́ tán, àṣà kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n lè dìde pé kó yàgò fáwọn díẹ̀.

Kí lèyí bí kì í bá ṣe ìjúbà? Oníjàálá tó bọ́ sí agbo, ìbà ló ń kọ́kọ́ jú: ọ̀gá tó kọ́ ọ, ilé baba rẹ̀. Ta ni yóò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀ níbẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n wa ní ti òrìṣà ni ìbà. Ẹ má bínú sí mi, sà, ekòló tó júbà ilẹ̀ tí ilẹ̀ lanu fún kì í ṣe abọ̀rìṣà. Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn olórin fújì wa, wọ́n sì ń júbà kí orin tó wọra.

Ibì kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó. Lẹ́yìn ìbà, Badenoch bọ́ sórí ọ̀rọ̀ Brexit, ìyẹn bí Britain ṣe fẹ́ kúrò nínú àjọ EU, eré gan-an ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, "ọ̀rọ̀ ìjúbà" ni kí àbúrò kọ, kó má fi í sílẹ̀ ní "ìjúbà" lásán.

Kó sì tún ojú ewé kejì wò. Ìjálù ọ̀rọ̀ ló fẹ́ kọ, "àjálù" ló kọ. Ẹni tó bá kà á á rò pé ilé wó lu àwọn aṣòfin.